Ìloro Tí A Kọ́ Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wí nílé wa pé bí iná bá ń jó aṣọ mi, n ó kọ́kọ́ wo ojú àwọn tó jókòó kí n tó pariwo. Ní ilé ẹ̀kọ́, bí tíṣà bá béèrè ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ mi ò ní gòkè. Kíláàsì kejì ní girama ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ sí Ìwórò pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí n sì máa bá òun ṣiṣẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Ẹ̀yìn ilé ni ọ̀sà wà, abẹ́ àtíbàbà onípáànù létí omi ni ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn apẹja àti àwọn tó ń gbé èrò kọjá ló ń bá wa ná ọjà. Ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pè é, èmi náà ò sì pè é ní nǹkan míì. Èdè Ègùn ni wọ́n fi tọ́ òun àti ìyá mi dàgbà. Yorùbá rẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ṣorí kunkun sí i lọ́wọ́, Ègùn ló fi ń bá a wí.

Nígbà míì, ẹ́ńjìnnì tí a ò rí irú rẹ̀ rí á dé. Ọ̀gá á yí i po, á fọwọ́ kan ibí, á fọwọ́ kan ọ̀hún, á wá yíjú sí mi: "Bi àwọn èèyàn rẹ."

Àwọn èèyàn mi ni àwọn tó wà ní gbàgede kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní gbogbo àgbáyé ti ń pàdé. Ẹnì kan á kọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á fi fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tí ojú wọn ti rí irú ẹ̀ á sọ ohun tí yóò ṣe. Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀ ni mo ń kà á, díẹ̀díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fọ́tò ló sì máa ń fà mí jáde níbi tí mo bá rì sí. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan rí. Ọjọ́ kan wà tí ọkùnrin kan kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun ń gbóná, omi tó fi ń tu ara rẹ̀ ò sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn ní kó tú palẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ ọ̀rá. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ìgbà ni ọ̀rá omi tí àwọn èèyàn mu tí wọ́n jù sínú ọ̀sà ń wọ́ lọ dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi. Mo kọ ọ́ sínú fóònù. Mo wo òyìnbó mi. Mo pa á rẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ ká ṣe nǹkan kan, mo ṣí gbàgede náà, mo rí i pé àwọn tó ni ín ti fi ìkéde síwájú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka fún oríṣiríṣi èdè. Faransé, Pọtogí àti èdè àwọn ará Sípéènì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èdè tirẹ̀, kó jáde wá. Iṣẹ́ méjì ló máa ṣe: yóò yí àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnnì sí èdè náà, yóò sì máa bójú tó ẹ̀ka rẹ̀. Wọ́n á fi í dánwò fún oṣù díẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n sì ń rí ìdáhùn, ẹ̀ka náà á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tì í.

Mo gbé e mọ́ra títí ó fi di pé Ọ̀gá ló bi mí pé kí ni mò ń rò.

"Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ èdè míì níbẹ̀, Ọ̀gá."

"Níbo?"

"Orí fóònù."

"Yorùbá ńkọ́?"

"Ẹnì kankan ò tíì béèrè."

Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. "Ta ló yẹ kó béèrè?"

Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ò lè pe ẹlẹ́kọ! Ẹlẹ́kọ á kiri títí á kọjá ẹnu ọ̀nà, ìgbà tó bá dé iwájú mọ́ṣáláṣí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rín pa èmi náà.

"Ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn, wọn ò rí ojú rẹ," ó ní. "Ìka lo fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Ṣé ojú ń ti ìka ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi. Mo kọ ọ́ sí wọn ní òyìnbó kúkurú pé Yorùbá, èmi lè ṣe é. Mo da fóònù dé sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó jí nǹkan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ránṣẹ́ sí mi.

Àǹtí Tíṣà ló bá wa ṣe é. Ará Èkìtì ni, ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Òtò, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, yàrá iwájú nílé wa ló sì háyà. Bó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, á gbé àpótí wá sábẹ́ àtíbàbà, èmi á ka ọ̀rọ̀ kan, òun á sọ ohun tó túmọ̀ sí, á bá mi fi àmì ohùn sórí èyí tí mo bá kọ. Ọ̀gá ò ní gbé orí kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́.

"Èyí tí wọ́n fi ń kúrò níbẹ̀ ńkọ́?" mo béèrè.

"Jáde," ni Àǹtí Tíṣà wí. "Ó parí."

"Jáde kẹ̀?" Ọ̀gá dìde. "Ṣé ajá lẹ ń lé ni? Ẹ kọ 'Ó dàbọ̀'."

"Bọ̀dá, bọ́tìnnì ni o. Bọ́tìnnì kì í sin àlejò."

"Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá burú, ta ló máa fọwọ́ kàn án?"

Àǹtí Tíṣà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun fẹ́ràn ìlú yìí nìyẹn, pé àwọn ará ibẹ̀ lè bá irin ṣe àjọṣe. A kọ "Ó dàbọ̀". Èyí tí wọ́n fi ń wọlé, a kọ ọ́ ní "Ẹ wọlé". Títí di òní olónìí, bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń ṣí i lásán láti wò ó.

Ẹ̀ka Yorùbá ṣí. Ọ̀gá di akéde. Kò sí ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì wá tí kò sọ fún pé ọmọ òun ti ṣílé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èdè wa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú wọn wọlé gan-an ni Alhaji. Nítòsí ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì ló ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì, bàbá rẹ̀ náà tà á, kò sì sí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe lórí omi yìí tí kò gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Bí Alhaji bá ní ẹ́ńjìnnì kan ti kú, ṣe ni kí wọ́n lọ sin ín. Ọjọ́ tí Alhaji wọlé, àwọn ará Àjídò wọlé, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wọlé, àwọn tó wà létí ẹnu ibodè ní Sẹ̀mẹ̀ náà wọlé.

Wọ́n sì kí wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará iṣẹ́. Ẹ kú òjò."

"Ẹ kú òjò o. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Omi ńkọ́?"

"Omi ń gbé wa o. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó kọ ìkíni tirẹ̀ sábẹ́ ìkíni ẹlòmíì. Kálukú ló ń ṣí ojú ewé tirẹ̀, nítorí ìkíni tí a bá so mọ́ ìdí tẹlòmíì, àbọ̀ ìkíni ni. Alhaji a máa kí ní àárọ̀, a tún kí ní ọ̀sán, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ a tún dé. Inú mi dùn débi pé mi ò fiyè sí i pé ẹnì kankan ò tíì béèrè ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kí ni ká máa kánjú fún? Ẹni tó wọ ilé onílé, ṣé sípánà ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó mọ bí wọ́n ṣe jí?

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ṣí i, mo rí i pé ibẹ̀ ti mọ́ fóó. Gbogbo ìkíni ti lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró dè mí, láti ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e lọ bá Àǹtí Tíṣà kí n lè mọ̀ pé ohun tí mo rò ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣọ́ gbàgede náà nítorí àwọn tó ń da pàǹtí síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà rí i pé àwọn èèyàn tuntun ń kọ ọ̀rọ̀ kúkurú kan náà lákọtúnkọ, ó bá gbá wọn dànù. Àwọn náà ti wò ó, àwọn ò rí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kankan. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ títí àsìkò ìdánwò fi pé, àwọn á ti ẹ̀ka Yorùbá.

Kí n tó mọ ohun tí n ó ṣe, Ọ̀gá ti ti Àgbádárìgì dé. Kò bọ́ bàtà tó fi jókòó.

"Alhaji ń bínú," ó ní. "Ó ní òun kí wọn tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbá ìkíni òun dà sí àkìtàn."

"Èmi kọ́, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ń bójú tó ilé. Ta ló ń gbálẹ̀, bí kì í bá ṣe onílé?"

Alhaji ní òun ò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Àwọn yòókù ní níbi tí wọ́n bá ti lé Alhaji, kí ni àwọn fẹ́ wá débẹ̀? Ẹ̀ka wa dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ tí ara mi ń balẹ̀, mo sì ti ń rò ó pé ohun tí mo ní nìyẹn. Mo sọ fún Ọ̀gá pé kí wọ́n máa tì í, kò burú.

Ó ní, "Ó burú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ bá Alhaji. Fóònù ò lè bá ọ kúnlẹ̀."

Ọkọ̀ oníbàárà wa kan ló gbé mi lọ. Títí a fi dé èbúté, ohun tí mo fẹ́ sọ ni mò ń tún sọ nínú ara mi, bí mo sì ti rí ṣọ́ọ̀bù náà, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyàwó Alhaji wà nídìí kántà. Mo kúnlẹ̀ sáàárín wọn.

"Ta nìyí?" ni Alhaji béèrè.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ìwórò ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Kì í sọ̀rọ̀, bí odi ló rí."

"Irọ́ ni. Odi kì í gbálẹ̀ tó báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú mi gbóná. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ọjà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá."

"Ẹ gbọ́, ó mọ̀ ọ́n kí! Kí ló wá dé tó o kórìíra tèmi?"

"Èmi kọ́ ni mo gbá a, sà. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, sà. Kò mọ̀ pé ìkíni ni. Ó rò pé pàǹtí ni, torí pé nǹkan kan náà ni gbogbo yín ń sọ."

"Kí ni ká sọ? Bí ilẹ̀ bá mọ́, ṣé 'ẹ káalẹ́' la ó máa wí, kí inú ẹ̀rọ lè dùn?" Ó na ọrùn sí mi. "Àwọn tó ni ín ńkọ́? Àwọn kì í kí ara wọn?"

"Wọn kì í kí, sà. Bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń béèrè."

Alhaji yọ fìlà, ó tún un dé.

"Subuhánálláhì. Èèyàn á wọlé, kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ó jí dáadáa?"

"Rárá, sà."

"Wọ́n ń jìyà," ni ọ̀kan lára àwọn tó jókòó wí.

"Ìyà ńlá," Alhaji dáhùn. Inú tó ń bí i ti ń di àánú lójú mi. "Wò ó, ọmọ yìí. Ilé tí kò ní ìloro ni wọ́n kọ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ìta, inú yàrá ló já sí tààrà. Nílé tí wọ́n bá kọ́ re, ìloro la ti ń kíra, kẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ tó wọlé. Ní kí wọ́n kọ́ ìloro."

"Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ tèmi, sà."

"Ẹni tó wá bá mi láàárín ọjà, tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ ka ìkíni mi sí pàǹtí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Dìde. Lọ bá wọn sọ ọ́."

Mo bẹ Àǹtí Tíṣà pé kó bá mi kọ ọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun á kàn wò ó bí mo bá kọ ọ́ tán, kí wọ́n gbọ́ ohùn onílé. Abẹ́ àtíbàbà ni mo ti kọ ọ́, ní òyìnbó tèmi. Mo ní níbi tí mo wà, ẹni tó bá wọlé tí kò kí, omi mímu gan-an ò ní kàn án, áńbọ̀sì ìdáhùn. Mo ní àwọn tí ẹ̀rọ wọn gbá dànù, àgbà iṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ni, wọn ò tíì jókòó. Mo ní kí wọ́n fún wa ní ibì kan níwájú tí ìkíni á máa wà, kí ẹ̀rọ má dé ibẹ̀, bí wọ́n bá sì ti kí tán, wọ́n á béèrè, wọ́n á dáhùn. Àǹtí Tíṣà kà á. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló tún ṣe, ó dá fóònù padà fún mi, ó ní, "Ìwọ kì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́ bí mo ṣe rò."

Wọ́n gbà. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ní kí n fún un lórúkọ. Mo kọ "Ìloro". Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé àsìkò ìdánwò ò yí padà, àwọn ṣì ń retí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Alhaji ló kọ́kọ́ kí. Ó kí ará, ó kí iyekan, ó kí òjò, ó kí omi, ó dúró wò ó bóyá wọ́n á gbá a. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ìkíni rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n kíra, wọ́n bi ara wọn léèrè ilé. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kọjá ìloro, ó wọ inú ilé lọ, ó ní ẹ́ńjìnnì òun ń gbóná, kò sì tọ̀ mọ́. Bí àwa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn bí omi ò bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dáhùn níbi tí àgbà bá jókòó sí, àwọn àgbà náà sì ń wo Alhaji. Ìbéèrè yẹn dá dúró níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìgbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn alábòójútó ń wò wá. Alhaji wá kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀: "Ọmọ Ìwórò, dá wọn lóhùn. Ìwọ lo nilé."

Mo wo Ọ̀gá. Ó ti ka ojú mi. "Ẹlẹ́kọ ń kọjá lọ o," ó ní.

Mo kọ ọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e sókè kúrò nínú omi, ẹ wo ẹnu ibi tó fi ń fa omi. Ó lè jẹ́ ọ̀rá ló dí i. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí kò tọ̀ síbẹ̀, ẹ padà wá, ẹ ò sì gbọdọ̀ wà á lọ báyẹn." Mi ò pa á rẹ́.

Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, ọkùnrin náà ti dé. Ó ya fọ́tò ọ̀rá tó ti fà ya, ó gbé e sókè bí ẹja tó pa. "Ó tọ̀ o! Ó ń tọ̀ bí ọmọ tuntun! Ẹ bá mi kí ìyá tó bí ọmọ Ìwórò." Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi han gbogbo ẹni tó wà létí omi, àti ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì àti ẹni tó kàn wá fọ abọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti ń wọlé. Nígbà tí àsìkò ìdánwò pé, wọ́n kọ ọ́ síwájú gbàgede náà pé Yorùbá dúró. Wọ́n tò ó sáàárín àwọn èdè yòókù, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀ka Faransé ní àwọn náà fẹ́ ìloro. Àwọn ará òdìkejì ibodè, tí àwọn náà kì í wọlé láìkí, ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Bàbá òyìnbó tó dá gbàgede náà sílẹ̀ wá kí wa fúnra rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀," ló kọ, nígbà tí àwa ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kankan ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Alhaji dá a lóhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ o, bó ṣe mọ́ yín lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Ó ní òun jí dáadáa. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi í níbẹ̀.

Ọjọ́ kan, Ọ̀gá ń fọ púlọ́ọ̀gì nínú pẹtiróòlù, ó ní, "Ègùn ńkọ́?"

Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni kí n tó dáhùn. Mo ní, "Mo ti béèrè, Ọ̀gá. Wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ, èmi á kọ."

Ó nu ọwọ́, ó gbé àpótí Àǹtí Tíṣà, ó jókòó sórí rẹ̀ bí ọba. Èyí tó máa wà lẹ́nu ọ̀nà la kọ́kọ́ kọ, "Mi kuabọ", ìyẹn "Ẹ káàbọ̀" ní Ègùn. Ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á sókè.